Ihò Kékeré Inú Ọkàn àti Àrùn Rọpárọsẹ̀: Ta Ni Ó Yẹ Kí Wọ́n Dí Tirẹ̀?



Ìwé tí mo fẹ́ dáhùn lónìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Mushin. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin, ẹni ọdún 38, tí kì í mu sìgá, tí kò sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ gbé ife omi, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé e. Ẹnu rẹ̀ wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì sọ fún wọn pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ẹ̀gbà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọkùnrin náà ti ń rìn, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, àwọn dókítà ní ihò kékeré kan wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ilé ti dàrú. Apá kan nínú ẹbí ní kí wọ́n ta ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, kí wọ́n fi gbé e lọ sí Íńdíà, kí wọ́n lọ dí ihò náà kíákíá kí ẹ̀gbà kejì má baà dé. Apá kejì ní ọkàn tí Ọlọ́run dá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irin kàn án. Ìyá náà wá bi mí pé: “Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, èwo ni ká ṣe?”

Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. N kò fi ojú kan àbúrò yín, n kò sì ní jókòó sídìí ìwé ìròhìn kí n máa pàṣẹ ìtọ́jú fún ẹni tí n kò yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n mo lè sọ ohun tí a mọ̀ nípa ihò yìí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó bi àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀: ihò náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrùn. Àwọn kan wà tí dídí rẹ̀ yóò ṣe láǹfààní gidi. Àwọn tí kò ní ṣe láǹfààní kankan pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Ohun tí ó sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni ìdí tí ẹ̀gbà náà fi wá.

Kò sí ọmọ tí a bí sáyé yìí tí kò ní ihò yìí nígbà tí ó wà nínú ìyá rẹ̀. Ọkàn wa ní yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ògiri kan sì là á láàárín. Apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tí ara ti lò, ó ń tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kí ó lọ gba afẹ́fẹ́ tuntun. Apá òsì ń gba ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gba afẹ́fẹ́ bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fi agbára tì í lọ sí ọpọlọ, sí kíndìnrín, àti sí gbogbo ẹ̀yà ara. Ṣùgbọ́n ọmọ inú oyún kì í mí bí tiwa. Inú omi ni ó wà. Ara ìyá rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń bá a, nípasẹ̀ ibi àti ìwọ́. Kí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ yóò wá lọ ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Nítorí náà ni Ẹlẹ́dàá ṣe fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí ògiri tí ó wà láàárín yàrá òkè méjèèjì, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba ọ̀nà àbùjá láti ọ̀tún bọ́ sí òsì.

Ní ọjọ́ tí ọmọ bá ké igbe àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ a kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a rọ́ lọ síbẹ̀, a sì padà bọ̀ sí apá òsì ọkàn pẹ̀lú agbára. Agbára yìí ni ó ń ti ewé ilẹ̀kùn náà mọ́ ògiri. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ewé ilẹ̀kùn náà a lẹ̀ mọ́ ògiri pátápátá, a kò sì ní mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ rí. Báyìí ni ó rí fún bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹni kẹrin ńkọ́? Ilẹ̀kùn tirẹ̀ padé, ṣùgbọ́n a kò fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Bí nǹkan bá tì í láti apá ọ̀tún, a ṣí díẹ̀, a sì tún padà padé.

Èyí kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 1984, àwọn dókítà ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ròyìn àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí ọkàn òkú 965, wọ́n sì bá ilẹ̀kùn tí kò tì yìí nínú bíi 27 nínú 100. Fífẹ̀ rẹ̀, bí a bá dá gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in, kò pé mìlímítà 5, ìyẹn ni pé kò tó ìbú pẹ́ńsùlù kan. Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì tí ó kó 40 ènìyàn láti Oshodi, ó ṣeé ṣe kí bíi 10 nínú wọn ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn, bóyá awakọ̀ wà lára wọn, bóyá kọ́ńdọ́tọ̀ tí ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà ni. Púpọ̀ nínú wọn yóò dàgbà, wọn yóò darúgbó, wọn yóò sì kú ikú mìíràn láìmọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn.

Mo gbọ́dọ̀ dúró níhìn-ín kí n ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀. A máa ń rí àwòrán àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ìwé ìròhìn, tí àwọn òbí wọn ń tọrọ owó nítorí pé ọmọ náà ní ihò nínú ọkàn. Ihò tiwọn kì í ṣe èyí tí à ń wí. Tiwọn jẹ́ ibi tí ògiri kò ti kún tó láti ìgbà tí a ti dá wọn, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbà á kọjá tọ̀sán-tòru, débi pé ọmọ náà lè máa mí gúlegúle, kí ó má sì dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó lè kú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù ti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn bà yín lórí ti àgbàlagbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kàn wà láìtì. Orúkọ ni ó jọra, ọ̀rọ̀ wọn kò jọra.

Báwo wá ni ilẹ̀kùn kékeré ṣe lè fa ẹ̀gbà? Ọ̀pọ̀ ẹ̀gbà ni ó ń wá nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó dì ti dí iṣan kan nínú ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ a máa dì nínú iṣan ẹsẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá lára ẹni tí ó jókòó pẹ́ lójú kan nínú ọkọ̀ tàbí ọkọ̀ òfuurufú, ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ POP, obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí èyí tí ń lo àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan. Bí ègé kékeré bá já kúrò lára irú ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀, yóò gòkè wá sí apá ọ̀tún ọkàn, ibẹ̀ ni yóò sì ti bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró dàbí asẹ́. Ègé kékeré yóò há sínú rẹ̀, ara yóò sì yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. (Èyí tí ó bá tóbi lè pa ènìyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.) Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé ní ìṣẹ́jú náà gan-an ni ẹni náà húkọ́, tàbí ó sín, tàbí ó gbé ẹrù wúwo, tàbí ìgbẹ́ le tí ó ń tiraka, agbára ẹ̀jẹ̀ apá ọ̀tún yóò ga, ilẹ̀kùn yóò ṣí, ègé náà yóò sì yọ́ kọjá sí òsì láìgba inú asẹ́. Láti ibẹ̀ sí ọpọlọ, ìrìn ìṣẹ́jú àáyá ni.

Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Julius Cohnheim ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀nà yìí ní ọdún 1877, nígbà tí ó yẹ òkú obìnrin kan tí ẹ̀gbà pa wò. Ní ìgbà tiwa yìí, ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ó ṣẹlẹ̀ sí Hailey Bieber, ìyàwó olórin Justin Bieber. Ẹni ọdún 25 ni nígbà náà. Ó ń jẹun òwúrọ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú tipiri, tí ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún gbogbo ayé lẹ́yìn náà pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àrùn Kòrónà, òun sì ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Paris, òun sì ti bọ̀ láàárín àkókò díẹ̀. Ègé ẹ̀jẹ̀ dídì náà yọ́, ara rẹ̀ sì bọ̀ sípò láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn dókítà rí ihò náà, wọ́n sì dí i.

Bí a bá gbọ́ irú ìtàn yìí, ọkàn wa a sọ fún wa pé kí gbogbo ẹni tí ó ní ihò lọ dí i. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe máa ń wọlé. Nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnìkan nínú mẹ́rin ló ní ilẹ̀kùn yìí, bí a bá mú 100 ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru sọ di alárùn ẹ̀gbà, a óò bá ilẹ̀kùn náà lára bíi 25 nínú wọn, kò sì ní ọwọ́ kankan nínú ohun tí ó ṣe wọ́n. Ẹni tí a bá nítòsí ibi tí wọ́n ti jalè kọ́ ni olè. Ohun tí ó mú àwọn dókítà fura sí ilẹ̀kùn náà ni ìwádìí kan tí àwọn ará Faransé tẹ̀ jáde ní ọdún 1988. Wọ́n wo ọkàn àwọn alárùn rọpárọsẹ̀ tí wọn kò tíì pé ọdún 55, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò ní ẹ̀gbà: 40 nínú 100 àwọn alárùn náà ni ilẹ̀kùn wọn kò tì, ṣùgbọ́n 10 péré ni nínú 100 àwọn tí ara wọn dá. Ìfura dé, ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí pé dídí ihò ń gbani.

Ẹ̀rí náà kò tètè dé. Ní ọdún 2012, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí 909 ènìyàn. Bí ẹni ṣẹ́ gègé ni wọ́n ṣe pín wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n dí ihò àwọn apá kan, wọ́n sì fún apá kejì ní oògùn nìkan. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí ìyàtọ̀ tí a lè tọ́ka sí. Ọ̀pọ̀ dókítà sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àwọn mìíràn kò gbà. Wọ́n ní àwọn tí ẹ̀gbà wọn ní ìdí mìíràn ti dàpọ̀ mọ́ wọn, ohun tí wọ́n fi dí ihò nígbà náà kò sì dára tó. Ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 kí èsì ìwádìí mẹ́ta tó jáde lọ́jọ́ kan náà, tí gbogbo wọn sì fohùn ṣọ̀kan. Nínú ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé àti Jámánì, wọ́n mú àwọn tí kò ju ọdún 60 lọ, tí wọ́n wá ìdí mìíràn fún ẹ̀gbà wọn títí tí wọn kò rí i, tí ihò wọn sì tóbi tàbí tí ògiri ibẹ̀ ń fì síwá sẹ́yìn bí aṣọ. Nínú 238 tí a dí ihò tiwọn, kò sí ẹnìkan ṣoṣo tí ẹ̀gbà tún kọ lù fún bí ọdún márùn-ún. Nínú 235 tí wọ́n fún ní irú oògùn aspirin nìkan, ẹni 14 ni ẹ̀gbà tún kọ lù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka iye náà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ohun méjì ni ó ń sọ. Dídí ihò ṣiṣẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú 235 tí a kò dí tiwọn, ẹni 221 ni ẹ̀gbà kò padà bá ní gbogbo àkókò náà, oògùn nìkan ni wọ́n ń lò. Ní ọdún 2021, wọ́n kó ìwádìí mẹ́fà pọ̀, gbogbo ènìyàn inú wọn jẹ́ 3,740. Èsì rẹ̀ ni pé nínú 1,000 irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, bíi 11 ni ẹ̀gbà ń padà bá ní ọdún kan bí wọ́n bá ń lo oògùn nìkan, ṣùgbọ́n bíi 5 ni bí a bá dí ihò náà pẹ̀lú. Fún ẹni ọdún 38 tí ó ṣì ní bíi 40 ọdún láti lò láyé, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, nítorí ọdọọdún ni ó ń ká lórí ara wọn. Síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá wa, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún àwọn tí ń kánjú nínú ẹbí nìyí: ẹ ní àkókò. Bí àbúrò yín bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ẹ lè fara balẹ̀ fún oṣù díẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Kí ni ẹ ó wádìí? Ìdí mìíràn tí ó lè fa ẹ̀gbà náà. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọba nínú àwọn ohun tí ń fa àrùn yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi 2,118 alárùn rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà wé iye ènìyàn kan náà tí kò ní in, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú ohun gbogbo. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, ikùn ńlá, iyọ̀ tí à ń bù sí oúnjẹ, sìgá, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó, gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú ńlá ń sọ pé àwọn kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nígbà tí ó jẹ́ pé wọn kò wọn ọ́n rí. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Kí wọ́n wọn ọ́n ní ọjọ́ bíi mélòó kan. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ní àtọ̀gbẹ, bóyá ó jẹ́ SS, nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tí ń fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní ẹ̀gbà láàárín wa. Kí wọ́n wo iṣan ọrùn rẹ̀. Kí wọ́n so ẹ̀rọ tí ń ka ìlù ọkàn mọ́ ọn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan péré, nítorí ọkàn tí ń lù ségesège lè fi ara pamọ́ lónìí kí ó yọjú lọ́tùn-únla. Àwòrán ọpọlọ náà ní ohun tí ó ń sọ: ẹ̀gbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru fà àti èyí tí ègé ẹ̀jẹ̀ dídì fà kì í sábà fi ojú kan náà hàn. Bí wọ́n bá wá gbogbo èyí tí wọn kò rí nǹkan kan, ìgbà náà ni ilẹ̀kùn inú ọkàn di ẹni tí a lè fi ẹ̀sùn kàn.

Ọjọ́ orí pẹ̀lú ń ka. Lórí àwọn tí kò ju ọdún 60 lọ ni a ti ṣe púpọ̀ jù lọ nínú ìwádìí wọ̀nyí. Ẹ wo àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ wọn tàn kálẹ̀ ní ọdún 2005. Tedy Bruschi, ẹni ọdún 31, ń gbá bọ́ọ̀lù alágbára ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejì ọdún náà ni ẹ̀gbà kọ lù ú. Wọ́n rí ihò nínú ọkàn rẹ̀, wọ́n dí i, nígbà tí yóò sì fi di ìparí oṣù Kẹwàá ó ti padà sórí pápá. Ẹnì kejì ni Ariel Sharon, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, ẹni ọdún 77. Ẹ̀gbà kékeré kọ lù ú ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá. Wọ́n rí ihò kékeré nínú ọkàn rẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n sì dá ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2006 láti dí ihò náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Kò jí padà títí tí ó fi kú ní oṣù Kìíní ọdún 2014. N kò jókòó dá àwọn dókítà rẹ̀ lẹ́jọ́. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn wà nínú iṣan ọpọlọ tí ó lè pani lára, oògùn tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí ó má dì sì ní ewu tirẹ̀. Ẹ má ṣe ra á lò fúnra yín.

Ó kù kí n bá apá kejì ẹbí sọ̀rọ̀, àwọn tí ń bẹ̀rù irin. Wọn kì í la àyà. Kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, wọn yóò kọ́kọ́ rí i dájú pé ilẹ̀kùn náà wà. Wọn yóò po omi iyọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ títí yóò fi ní hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké nínú, wọn yóò fà á sí iṣan apá, wọn yóò sì ní kí ẹni náà tiraka bí ẹni fẹ́ yàgbẹ́. Ẹ̀rọ bí irú èyí tí a fi ń wo ọmọ inú aboyún ni wọn yóò gbé lé àyà rẹ̀. Bí hóró afẹ́fẹ́ bá yọ láti ọ̀tún bọ́ sí òsì kíá, ilẹ̀kùn ń ṣí nìyẹn. Nígbà mìíràn wọ́n a ní kí ó gbé rọ́bà kan mì, tí ẹ̀rọ kékeré wà lórí rẹ̀, kí wọ́n lè wo ọkàn láti ẹ̀yìn. Ìyẹn kò dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n kì í pẹ́.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ náà gan-an, wọn yóò gún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ojú ibẹ̀ dùn ún, ní òkè itan, níbi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan wọ inú iṣan ńlá, tí yóò gòkè títí dé yàrá òkè apá ọ̀tún ọkàn. Inú iṣan kì í mọ ìrora, nítorí náà kò ní mọ̀ pé nǹkan ń kọjá. Wọn yóò máa wò ó lójú ẹ̀rọ X-ray bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Rọ́bà náà yóò gba ilẹ̀kùn kọjá sí òsì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ká ohun ìdíhò náà mọ́: wáyà níkẹ́lì àti titanium tí wọ́n hun bí àwọ̀n, tí ó dàbí agboòrùn kékeré méjì tí a fi ọrùn so pọ̀. Èyí tí a mọ̀ jù lọ nínú wọn ń jẹ́ orúkọ Kurt Amplatz, dókítà tí a bí ní Austria tí ó ṣiṣẹ́ ní Minnesota. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lílò rẹ̀ fún ihò yìí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016. Wọn yóò ṣí agboòrùn kìíní sí apá òsì, wọn yóò fà á sẹ́yìn kí ó gúnlẹ̀ sára ògiri, wọn yóò sì ṣí èkejì sí apá ọ̀tún. Ògiri há sáàárín méjèèjì bí ẹran tí ó wà láàárín búrẹ́dì. Wọn yóò mi ín wò bóyá ó dúró, wọn yóò tú u sílẹ̀, wọn yóò sì yọ rọ́bà jáde. Bíi wákàtí kan sí méjì ni gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń lọ ilé ní ọjọ́ kejì. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹran ara yóò hù bo àwọ̀n náà, yóò sì di ara ògiri. A kì í yọ ọ́ mọ́.

Ẹni tí níkẹ́lì máa ń yún lára, irú ẹni tí yẹtí tàbí ọ̀ṣọ́ olówó pọ́ọ́kú ń sọ etí rẹ̀ di egbò, kí ó wí fún dókítà ṣáájú. Ẹ̀jẹ̀ lè dà lójú ibi tí wọ́n ti fi rọ́bà wọlé. Ohun tí ó sì wọ́pọ̀ jù nínú ìyọnu rẹ̀ ni pé ọkàn àwọn kan a máa lù ségesège lẹ́yìn rẹ̀; nínú ìwádìí ilẹ̀ Faransé tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe bíi 5 nínú 100. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, yóò lo aspirin àti oògùn kejì tí ó jọ ọ́ fún oṣù bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà yóò máa lo ọ̀kan ṣoṣo fún ọdún pípẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé nígbà tí wọ́n bá ti dí ihò òun, òun ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn, kí ó tún èrò rẹ̀ ṣe kí ó tó san owó. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, bí ó bá fẹ́ lọ yọ eyín, kí ó sọ fún dókítà eléyín pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nǹkan sí ọkàn òun.

Àwọn ilé ìwòsàn tí ó ní yàrá tí wọ́n ti ń fi rọ́bà wọ inú ọkàn kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ Íńdíà ṣe ń wáyé, n kò sì bá ẹni tí ó ní agbára rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú, ẹ jẹ́ kí dókítà ọpọlọ àti dókítà ọkàn jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àbúrò yín, kí wọ́n sì fẹnu kò. Dókítà ọkàn nìkan kò tó, nítorí ọpọlọ ni ẹ̀gbà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá rí ihò náà lónìí tí ó ní kí ẹ mú owó wá lọ́la, láìbéèrè ẹ̀jẹ̀ ríru, láìwo ìlù ọkàn, lójú tèmi, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n sì ṣe alábàápàdé ihò yìí lára rẹ̀, tí ẹ̀gbà kò ṣe rí, kí ó lọ sí ilé rẹ̀ ní àlàáfíà. A kì í dí i fún un.

Ọ̀rọ̀ dídí ihò lè dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀gbà tuntun kò lè dúró. Bí ẹnu àbúrò yín bá tún wọ́, tí apá kan bá rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dàrú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Oògùn kan wà tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fún ni, àwọn tí ó ní in kò sì pọ̀. Ẹ fi aago tẹ̀ wọ́n kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ. Àwọn tí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà lè máa gbà á nínú ọkọ̀ lọ́nà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, n óò dáhùn ìwé ọkùnrin kan láti Abẹ́òkúta tí ọmọ rẹ̀ máa ń ní gìrì ní gbogbo ìgbà tí ara rẹ̀ bá gbóná. Ẹ̀yin tí ẹ tún ní ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ ti òní, ẹ kọ ọjọ́ orí aláìsàn àti oògùn tí ó ń lò sínú ìwé yín.